Ajá Tí Kò Tó Òkété

Gulfton, Houston,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ọdún 1996.

Ùsáínì ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí Hàwáù ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ta táyà ní Ládípọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọjà ń lọ? Ọlọ́run Ọba tó mú mi gun ọkọ̀ òfurufú láti Ìkẹjà tí n kò já sínú òkun, òun ni yóò máa ṣọ́ ọ ní títì Èkó. Táyà tí o bá tà kò ní bẹ́ mọ́ oníbàárà nídìí, ẹni tó bá ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ yóò padà wá ra mẹ́rin. Àmín.

Olúdọ̀tun tó ń gbé lókè wa níbí ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ó ń lọ sìnkú ìyá rẹ̀ l'Óṣogbo. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fún un lóúnjẹ, má fún un ní bisikíìtì, ènìyàn gidi ni.

Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, àlàáfíà ni a wà, àfi ooru. Ojú mi ti là. Dókítà ká ìkùukùu ojú ọ̀tún kúrò lóṣù kẹfà, ó ká tòsì lóṣù kẹjọ, ó fi dígí kékeré síbẹ̀, n kò mọ bí dígí ṣe ń wọ ojú tí ẹ̀jẹ̀ kì í dà. Mo ti wá rí i pé irun funfun méjì ti wà lórí Misturah àbúrò rẹ, mo sọ fún un, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, Khalid ọkọ rẹ̀ ń wa takisí, nítorí náà èmi nìkan ló máa ń wà nílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé náà jẹ́ ilé lórí ilé bí ìṣáná tí wọ́n tò sínú páálí, àwọn ará Mẹ́síkò ló kún ibẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń ti ọmọlanke kiri, ó ń ta àgbàdo sísè. Ó ń fi bọ́tà àti ata sí i. Ó dùn, ṣùgbọ́n má sọ fún àwọn ará ilé pé mo ń ra oúnjẹ jẹ níta.

Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù wọn tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa rẹ̀. Bí tẹlifóònù bá dún tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, Misturah yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú àpótí yẹn, bẹ́ẹ̀ Misturah wà níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo dá a lóhùn, mo ní ṣé ó ti dé ni, ó kàn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí, mo sì bínú pé ọmọ tí mo bí kò lè jẹ́ mi lóhùn. Ìgbà tó dé ló ṣàlàyé pé àpótí náà ń gba ohùn ènìyàn pa mọ́, pé bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan lára rẹ̀, yóò da ohùn náà sílẹ̀ padà. Mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, mo máa ń fi aṣọ bò ó.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an, ajá ni. Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé lóṣù karùn-ún, tí ojú mi ṣì ṣú, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rí òkété kan tó ń rìn bọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo ní òkété tó bá jáde ní ọ̀sán, ikú rẹ̀ ló ń pè é. Mo bọ́ bàtà mi kan, mo na ọwọ́ sókè láti sọ ọ́, ni mo bá rí i pé òkété náà wọ súwẹ́tà pupa. Ọwọ́ mi dúró sókè. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì rí òkété tí wọ́n rán aṣọ fún. Bàbá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin àtẹ̀gùn mú, ó ní ajá ni, pé torí òtútù ẹ̀rọ inú ilé ni wọ́n ṣe wọ aṣọ fún un.

Anthony ni bàbá náà ń jẹ́. Iyàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Aláwọ̀ dúdú ni, o máa rò pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni títí yóò fi la ẹnu. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀, ó ti fi ogójì ọdún kó ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wọn níbí kí ó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì kú lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó yẹn ló ni ajá. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní Kùmásí nígbà tí mo ń ṣòwò níbẹ̀ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ìdajì ni ó ń gbọ́, ìdajì tirẹ̀ ni èmi náà ń gbọ́, a sì jọ ń jókòó sí orí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi nílé, mo ní mò ń dáko, mo sì ń pe ìrun ní mọ́sálásí. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń pè é. Mo pe díẹ̀ fún un, ni ajá náà bá gbé imú sókè, ó ń hu tẹ̀lé mi. Mo dákẹ́ kíákíá, mo wo òsì, mo wo ọ̀tún, kò sí Mùsùlùmí kankan nítòsí.

Píínọ́ọ̀tì ni wọ́n sọ ajá náà. Misturah ní ẹ̀pà ni ìtumọ̀ rẹ̀, Ẹ̀pà ni èmi sì ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ṣiwáwà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, wọ́n ní láti Mẹ́síkò ni àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀. Anthony kọ́ mi ní ìtọ́jú rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ọkọ bá ń kọ́ ìyàwó lórí àkọ́bí. Ibì kan wà ní àtàrí rẹ̀ tó rọ̀, tó ń lù kìkì bí àwùjẹ̀ ọmọ tuntun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, àyà ni wọ́n ń gbé e gbà, torí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju ìka ọwọ́ mi lọ, nítorí náà kò gbọdọ̀ bẹ́ láti orí àga. Abẹ́ aṣọ ló fẹ́ràn láti máa sùn, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó níbikíbi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ ibẹ̀ wò kó má baà jókòó lé ẹ̀mí. Ikùn rẹ̀ kò tó ìkúùkù ọmọdé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ajá tiwa nílé, bí o bá gbàgbé láti fún un lóúnjẹ, yóò lọ wá tirẹ̀ láàtàn. Èyí, bí ó bá fo oúnjẹ méjì péré, ojú rẹ̀ yóò yí.

Ṣùgbọ́n ní ti ìwà, Ùsáínì, bí wọ́n bá fi ọkàn ajá yẹn sínú màlúù, kò sí Fúlàní tí yóò lè dà á. Kò mọ̀ pé òun kéré. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó pàǹtí máa ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Ẹ̀pà yóò dúró sórí àtẹ̀gùn, yóò máa gbó o títí ọkọ̀ yóò fi lọ, yóò wá yíjú wò wá, bí ẹni ń sọ pé ẹ rí i bí mo ṣe lé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ láyé. Nígbà tí ìyàwó Anthony wà láyé, òun ló ń fẹ́. Nígbà tó kú, Anthony ní ajá náà fi oṣù méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ó tó jáde wá bá òun. Ó ní òun náà kò jáde nínú oṣù méjì yẹn.

Ní ọjọ́rú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, mo gbọ́ ariwo àńbúláǹsì nísàlẹ̀. Àyà ló dá Anthony dúró. Wọ́n gbé e jáde lórí ibùsùn onítáyà, wọ́n fi nǹkan bo imú rẹ̀, ó gbé ajá náà mọ́ àyà, wọ́n ń sọ fún un pé ajá kò lè wọ ọkọ̀. Ó rí mi. Ó na ajá náà àti àpò oúnjẹ rẹ̀ sí mi, ó ní Bàbá, ọjọ́ díẹ̀ péré. Mo gbà á, mo ní títí ìwọ yóò fi dé. Wọ́n ti gbé e lọ kí n tó rántí pé kì í ṣe ilé mi ni mo ti ń ṣe ìlérí.

Khalid dé, ó rí ajá nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀ ní kíṣìnnì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ bí ìyàwó mi, n kò lè sọ pé rárá fún yín, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ara yín, ṣé ládàánì ni yóò mú ajá wọ ilé tí a ti ń kírun? Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Èmi náà ṣá mọ ohun tí a kọ́ wa lórí itọ́ ajá. Mo ní kí ó jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ àlùfáà wọn ní Jímọ̀ọ̀. Àlùfáà ní ṣé n kò rántí ẹni tó fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ lómi, tí Ọlọ́run torí ẹ̀ dárí jì í, pé kí n ṣáà ya ibi ìrun sọ́tọ̀, kí n sì fọ ibi tó bá lá. Khalid gbọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mu omi, yóò yí gba ẹ̀yìn ògiri kí ó má baà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn náà, tẹlifóònù dún nígbà tí a ń kírun, àpótí náà gba ohùn. Anthony ni. Ó ní lọ́la ni wọn yóò la àyà òun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá ní kí n gbé etí ajá sún mọ́ ọn. Ó ń pe Píínọ́ọ̀tì, Píínọ́ọ̀tì, ọmọ dáadáa, ó ń fa ohùn bí orin. Ajá tí kò tíì jáde nínú apẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́rú, ó sáré jáde, ó yí àpótí náà ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá jókòó tì í. Misturah tẹ bọ́tìnnì, ohùn náà tún dé. Bí mo ṣe ń fún un lóúnjẹ nìyẹn, bí mo bá tẹ ohùn yẹn, yóò jẹ díẹ̀, bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní jẹ.

Ní ọjọ́ Ajé mo ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì kejì. Àpótí náà dún, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí ohùn. Misturah dé, ó wò ó, ó ní Bàbá, ẹ ti pa á rẹ́. Ó pe ọsibítù, wọ́n ní Anthony kò tíì lè sọ̀rọ̀, pé rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, wọn kò sì mọ bí yóò ṣe rí. Ùsáínì, mo jókòó sílẹ̀ kíṣìnnì. Èmi tó jẹ́ pé ohùn ni mo fi ń sin Ọlọ́run láti ọdún mọ́kànlélógún, mo ti pa ohùn ẹni ẹlẹ́ni rẹ́, bóyá èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ ni. Mo fi ohùn tèmi pe ajá náà bí Anthony ṣe ń pè é. Ó wò mí, ó yíjú padà sí àpótí.

Kò jẹun alẹ́, kò jẹ ti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ tutù bí ẹja. Khalid ń sùn torí ó ti fi òru wakọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní Khalid, ajá ń kú. Mo rò pé yóò ní kí Ọlọ́run gbà á. Ó fò dìde, ó gbá ajá náà mọ́ àyà, sínú jalabíà tó fi ń kírun gan-an, ó sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, a bọ́ sí títì ńlá wọn, ó ń wakọ̀ bí ẹni tí ìyàwó ń rọbí.

Ilé dókítà ajá mọ́ ju ilé dókítà ènìyàn wa lọ. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n béèrè bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n béèrè àwọn abẹ́rẹ́ tó ti gbà. Mo ní kí Khalid kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sí i, ó ní wọn kò béèrè. Wọ́n béèrè orúkọ ẹbí, Khalid kọ tirẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ dókítà fi nǹkan dídùn pa á lẹ́rìgì, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní ṣúgà ló tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé gbogbo ẹni tó bá ní irú ajá yìí gbọ́dọ̀ ní oyin nílé, pé ṣé ẹni tó ni ín kò fi oyin sínú ẹrù rẹ̀ ni? Khalid wo ojú mi. Anthony fi sí i. Ìgò kékeré kan wà nínú àpò ajá náà, mo rò pé èmi ló fi ta lọ́rẹ, mo ti fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ tán. Mo sọ òtítọ́, Khalid túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà kò bú mi. Ó gbé ìgò mìíràn fún mi, ó ní kí n má jẹ èyí.

Ìgbà tí a dé ilé ni Khalid ka ara ìgò oògùn tí wọ́n fún wa. Píínọ́ọ̀tì Mákánjúọlá ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Ó wò ó títí. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ pé wọ́n gbé orúkọ bàbá rẹ̀ wọ ajá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní kí n ṣáà má jẹ́ kí àwọn ará ilé òun ní Ìwó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá dúró níbi epo, yóò ju owó sínú tẹlifóònù títì, yóò ní Bàbá, ṣé ó ti jẹun? Mo fi ìka tọ́ ọ lóyin, mo fi ìka tọ́ ọ lẹ́ran lílọ̀, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, títí ó fi ń jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, bí ó bá sì lá mi lọ́wọ́, mo fọ̀ ọ́, mo kírun.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí ohùn Anthony parẹ́. Ó dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní League City ló gbé e wá, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Mo gbé Ẹ̀pà lọ bá a. Mo ń rò pé yóò fò mọ́ ọn. Ajá náà gbó o! Ó sá sábẹ́ ẹ̀wù mi, ó ń yọ eyín sí i, torí òórùn oògùn ọsibítù ló ń gbọ́ lára rẹ̀. Anthony fi ọwọ́ bo ojú. Ọmọ rẹ̀ ní ṣé ó ti rí i, pé ajá ti gbàgbé rẹ̀, pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìjọba tí wọ́n ń kó ajá sí, kí Anthony tẹ̀ lé òun lọ sílé, torí ajá ńlá méjì wà nílé òun tí yóò gbé èyí mì. Ajá tí ẹnikẹ́ni kò bá wá mú ní ilé ìjọba yẹn, abẹ́rẹ́ ikú ni wọ́n ń gún un.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ajá náà. Mo ní Anthony, má nawọ́ sí i, pè é bí o ṣe pè é nínú àpótí. Ó gbìyànjú, ohùn rẹ̀ ha. Ó tún pè é. Mo rí i tí etí ajá náà yí. Ó jáde díẹ̀, ó padà. Ọmọ rẹ̀ ń wo aago. Anthony ń pè é lọ, ó ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn báyìí, ó ń bá òkú àti ajá sọ̀rọ̀ pọ̀, ó sì tó ìgbà tí ènìyàn yóò fi kírun méjì kí Ẹ̀pà tó fi ikùn wọ́ ilẹ̀ lọ bá a, ó gbọ́ òórùn bàtà rẹ̀, ó gun orí bàtà náà, ó ká sórí rẹ̀, ó sùn. Ọmọbìnrin náà bọ́ síta, ó lọ sunkún lórí àtẹ̀gùn.

Ohun tó kù nìyí. Wọ́n rán àyà Anthony pọ̀, dókítà ní fún oṣù méjì kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ajá yẹn sì kéré débi pé ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ ni abọ́ rẹ̀ wà, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e, ilẹ̀ ni ìgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọmọ rẹ̀ ní ìdí nìyẹn tí kò fi lè dá gbé. Mo mọ bó ṣe rí, torí nígbà tí wọ́n ṣe ojú mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ foríkanlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, orí àga ni mo ti ń kírun bí ẹni tí kò mọ Olúwa rẹ̀. Mo ní kí Khalid sọ fún un pé ẹni tó ń foríkanlẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́, ìbẹ̀rẹ̀ kò lè sú u. Èmi yóò máa bá a bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, má lọ sí Ìkẹjà ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí. N kò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Khalid ti yí tíkẹ́ẹ̀tì padà sí ìparí oṣù kọkànlá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò pọ̀ nílé. Bí lèmọ́mù bá béèrè, sọ pé mò ń tọ́jú aláìsàn, kì í ṣe irọ́. Bí ó bá tẹnu mọ́ ọn, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má fi ajá pa mọ́. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí Bíyìí tó ń bá mi ṣọ́ oko, kí ó gba lébìrà méjì wa iṣu mi kí ikán tó jẹ ẹ́, kí ó sì ra bátìrì sí gbohùngbohùn mọ́sálásí, torí ẹni tó ń pe ìrun dípò mi, ohùn rẹ̀ kò dé odò. Má sọ pé Bàbá wà l'Amẹ́ríkà, ó tún ń tọrọ owó l'Ékòó. Owó Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un ló ni ín, èmi kò tíì rí ẹni tó sanwó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí ìwọ àti Hàwáù sí, yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ọmọ, yóò fi oore ṣe ọjà yín. O ó dàgbà, o ó darúgbó, Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí o darúgbó síbi tí kò ti ní sí ẹni tí yóò bá ọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládàánì Rájí.